Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Ọ̀sẹ̀-Tó-Ń-Bọ̀

Ọ̀gá mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú eruku fáíbà, ẹ kú òórùn rẹ́sìn, ẹ kú ìyọnu àwa oníbàárà. Mo mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ Yorùbá. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ní Yorùbá gan-an nìyẹn. Gbogbo èyí tí mo kọ sí yín ní Gẹ̀ẹ́sì, tí mo fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí mo fi ọpẹ́ parí, ẹ kò fèsì sí i. Mo wá rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò kúkú ní ka lẹ́tà náà, ó yá kí n kọ ọ́ ní èdè tó dùn mọ́ èmi lẹ́nu, kí àwọn èèyàn mi lè bá mi kà á, kí wọ́n sì bá wa dá sí i.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ní kí n má pè yín ní ọ̀gá, pé orúkọ àbísọ yín ni kí n máa pè. Ẹ má bínú. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ bá funfun tó tiyín, a kì í la orúkọ mọ́ ọn lórí. N kò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ yín níbí, nítorí ṣáàsì mi ṣì wà lọ́wọ́ yín. Orúkọ tí ìyàwó mi sọ yín ni màá máa pè: Ọ̀gá Ọ̀sẹ̀-Tó-Ń-Bọ̀. Bí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ìbéèrè kan náà ni: "Ọ̀gá Ọ̀sẹ̀-Tó-Ń-Bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ wo?" Kì í dúró gbọ́ ìdáhùn kó tó bú sẹ́rìn-ín.

Kí n tó ro ẹjọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n là á yé àwọn tó ń bá wa gbọ́. Ọkọ̀ àtòfúnra-ẹni ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní kit car. Ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n inú páálí ló ti ń dé: irin ṣáàsì tó jẹ́ egungun ọkọ̀ lọ́tọ̀, ara fáíbà lọ́tọ̀, wáyà lọ́tọ̀, bóòtù àti nọ́ọ̀tì nínú àpò ọ̀rá. Ẹ́ńjìnnì, gíá àti àwọn nǹkan mìíràn, ara ọkọ̀ àlòkù kan la ti máa ń tú wọn: Ford Sierra láyé àtijọ́, Mazda MX-5 tàbí BMW láyé ìsinsìnyí. Ẹni tó rà á ni yóò tò ó pọ̀ nínú ilé ọkọ̀ rẹ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti bẹ ìyàwó rẹ̀.

Colin Chapman tó dá Lotus sílẹ̀ wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. Ní 1957 ó gbé ọkọ̀ kékeré kan jáde, ó pè é ní Seven: ìjókòó méjì, imú gígùn, kò sí ilẹ̀kùn tó ṣeé pè ní ilẹ̀kùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ẹni tó bá ra odindi ọkọ̀ yóò san owó orí ọjà lé e. Ẹni tó bá rà á ní túútúú kò ní san án. Ìjọba wá fi òfin dè é pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tò ó. Ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ náà ń sọ títí dòní ni pé ńṣe ni Chapman kọ ìwé bí a ṣe ń tú u palẹ̀, ó ní kí oníbàárà kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Nígbà tí VAT rọ́pò owó orí náà ní oṣù Kẹrin 1973, àǹfààní yẹn dópin. Ọdún yẹn kan náà ni Graham Nearn àti iléeṣẹ́ Caterham rẹ̀ gba Seven lọ́wọ́ Lotus, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní.

Owó orí ló bí i, ìfẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà. Ní 1996, Ron Champion, tó jẹ́ olùkọ́, kọ ìwé kan tó ní èèyàn lè fi owó tó kéré tó 250 pọ́ùn to irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó gbà á gbọ́ pọ̀ lọ jàra. Ẹni tó ná 250 pọ́ùn péré ni n kò tíì bá pàdé. Àwọn mìíràn kò fẹ́ Seven, Cobra ni wọ́n ń fẹ́, ọkọ̀ tí Carroll Shelby ki ẹ́ńjìnnì V8 ti Ford bọ̀ nínú ní 1962. Níwọ̀n bí ojúlówó rẹ̀ ti di ohun tí olówó ńlá nìkan lè rà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi fáíbà ṣe irú rẹ̀ fún tálákà tó láyà. Báyìí ni ẹ̀yìn oko àti àgọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kún fún irú yín: ọkùnrin kan, ọmọ iṣẹ́ kan, ẹ̀rọ ìjórin kan, àti ajá kan tó ń sùn sẹ́yìn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀.

Àwọn èèyàn mi á béèrè pé kí ló gbé èmi dé ìdí irú nǹkan báyìí. Ìjàpá ni. Ìjàpá Volkswagen, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó ní 1975, ló kún àdúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Mẹkáníìkì á sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò lówùúrọ̀, ọkọ̀ náà á sì wọlé lálẹ́. Nígbà tí mo dé ìhín ni mo gbọ́ pé láti àwọn ọdún 1960 ni Bruce Meyers ní Kalifóníà ti bọ́ ara ọkọ̀ náà kúrò, tó fi ẹ̀wù fáíbà wọ̀ ọ́, tó sọ ọ́ di Meyers Manx tó ń fò lórí iyanrìn etí òkun. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò tún lè fi ọkàn balẹ̀ ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn tò.

Ìtàn tó. Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹjọ́ wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ kọ sínú rìsíìtì. Mo ṣì ní in lọ́wọ́; ìwé náà ti ń pọ́n. Kí n má parọ́ mọ́ yín, kò sí ìgbà tí mo pè tí ẹ kò ní ìdí tí ẹ máa sọ. Nínú oṣù Kejì, ẹ ní òtútù kò jẹ́ kí rẹ́sìn gan. Nínú oṣù Keje, ẹ ní ooru pọ̀ jù, rẹ́sìn ń gan kí ọwọ́ yín tó dé ìdí iṣẹ́. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, pẹ̀lú èrò pé ọwọ́ mi ti tẹ̀ yín. Ó dùn mí láti sọ pé òótọ́ ni méjèèjì. Ẹ̀yin náà ti fi hàn mí rí: ẹ fi ìda nu inú móòdù títí ó fi ń dán, ẹ fi gel coat kùn ún, ẹ tẹ́ aṣọ fáíbà lé e, ẹ da rẹ́sìn sí i, ẹ wá ń fi rólà yí i lọ yí i bọ̀ kí atẹ́gùn má baà há sábẹ́ rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá tutù ju bó ṣe yẹ lọ, rẹ́sìn á kàn máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, kò ní le. Bí ó bá gbóná jù, á ti le nínú garawa kí ẹ tó dé ìdajì ara ọkọ̀. Bí ẹ bá sì kánjú yọ ọ́ kúrò nínú móòdù, fọ́nrán fáíbà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lára ọ̀dà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò gba wàdùwàdù. Ibẹ̀ yé mi dáadáa.

Àwọn oṣù yòókù ńkọ́? Nínú oṣù Kẹrin, tí kò tutù tí kò gbóná, ẹ ní ẹni tó ń bá yín yan ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú mọ́ irin lára ti lọ sinmi ní Sípéènì. Nínú oṣù Karùn-ún, ẹ ń múra ìpàtẹ ọkọ̀ àtòfúnra-ẹni ní Stoneleigh. Nínú oṣù Kẹfà, ẹ ń sinmi iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbi ìpàtẹ Stoneleigh. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀rọ tó ń gé irin bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ fún. Nínú oṣù Kejìlá, ẹ bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oṣù Kejìlá. Mo gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀, mo ṣírò gbogbo rẹ̀, mo sì rí i pé ọjọ́ tó ṣẹ́ kù fún ṣáàsì mi nínú ọdún kò ju ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹwàá. Ẹ sì ti sọ fún mi pé ẹ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ kò sí nílé mi kí ẹ rí ohun tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ń dá sílẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti ní ó ku díẹ̀ ni mo ti tú MX-5 tí mo rà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lórí pákó níbi tó yẹ kí ìyàwó mi gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, nítorí náà ọkọ̀ ìyàwó mi ń sùn nínú yìnyín, òun ló sì ń fi ike ha dígí rẹ̀ lówùúrọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bátìrì tuntun tí mo rà ti kú láìtan iná kankan. Páàdì bíréèkì ṣì wà nínú páálí, ọjọ́ tí ẹni tó tà á fi dúró fún un ti kọjá. Kò sí èyí tí mo lè lò nínú wọn bí kò bá sí irin tí màá dè wọ́n mọ́. Bí ọkọ̀ náà bá sì délẹ̀ tán, àyẹ̀wò ìjọba tí wọ́n ń pè ní IVA ṣì wà níwájú, èyí tó gba ipò àyẹ̀wò SVA ní 2009. Àwọn òṣìṣẹ́ DVSA, àjọ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, á wo bíréèkì, wọn á wo iná, wọn á wọn èéfín, wọn á fetí sí ariwo ẹ́ńjìnnì, wọn á wò ó bóyá sítíárì ń fúnra rẹ̀ padà sí àárín. Kódà, etí irin tó bá yọ síta gbọ́dọ̀ ṣe roboto tó mìlímítà 2.5, kó má baà gé ẹni tó bá fara kàn án. Bí kò bá yege, DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kò ní fún un ní nọ́ńbà, kò sì ní tẹ títì.

Fọ́tò yẹn ló dùn mí jù lọ, Ọ̀gá mi. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi, ẹ ní ṣáàsì mi rèé. Ó wuni: ọ̀pá irin onígun mẹ́rin tí ẹ ti jó pọ̀, ó nà gbọọrọ lórí férémù tí ẹ fi ń dì í mú, ife tíì búlúù kan wà létí rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ti ya. Mo fi han ìyàwó mi, mo fi han àwọn ọmọ, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi n'Ìbàdàn, àdúrà ló fi dá mi lóhùn. Nígbà tó di ìpàtẹ Stoneleigh, mo jókòó ti ọkùnrin kan tó wá láti Wales. Òun náà ń retí ṣáàsì lọ́wọ́ yín. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ní, "Wo tèmi." Ife búlúù ni mo kọ́kọ́ rí.

Ṣáàsì kan, bàbá méjì! A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí ẹ̀rín tán, àwa méjèèjì dákẹ́, torí ohun kan náà ló sọ sí wa lọ́kàn. Bí ẹ bá lè pa irú irọ́ yìí, kí ló kù tí ẹ kò ní parọ́ lé lórí? Ṣé irin náà nípọn tó bí ẹ ṣe kọ ọ́ sínú ìwé? Ṣé ibi tí ẹ jó mọ́ra, tí ọ̀dà ti bò mọ́lẹ̀, jó dénú? Inú ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ wọ̀, ìdí mi kò ní jìn sílẹ̀, màá sì máa sá máìlì 70 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mo fẹ́ fi ẹ̀mí mi lé. Ẹni tó bá parọ́ ọjọ́ fún mi ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí n óò máa wo ojú ìjórin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

N kò pè yín ní olè o. Olè kì í jí láago márùn-ún ìdájí láti lọ fi ọwọ́ ha móòdù. Mo rò pé mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, torí ìyá mi dá àjọ rí. Alájọ tó bá ti ṣẹ́ nínú owó àjọ, owó ẹni tó dá tirẹ̀ lónìí ló máa kó fún ẹni tó yẹ kó kó tirẹ̀ lánàá. Gbogbo rẹ̀ á máa lọ geere níwọ̀n ìgbà tí ẹni tuntun bá ṣì ń wọlé. Owó àsansílẹ̀ mi, irin ẹni tó ṣáájú mi ni mo rò pé ó rà. Owó ẹni tó ṣáájú mi ló san gbèsè ọlọ́dà. Kí tèmi tó lè bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá lẹ́yìn mi. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gba iṣẹ́ tuntun tọ̀yàyàtọ̀yàyà níbi ìpàtẹ, tí ẹ tún ń dín owó fún ẹni tó bá sanwó lójú ẹsẹ̀, nígbà tí àwa àtijọ́ tò sẹ́yìn.

Iye tí ẹ ń pè ló bí gbogbo rẹ̀. Ẹ pe ṣáàsì ní owó tó kéré sí wákàtí tí yóò gbà, kí ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀ ní abúlé kejì má baà gba oníbàárà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń gé irin fún yín sì ní òun kì í tan ẹ̀rọ nítorí ẹ̀dà mẹ́rin, àfi bí ẹ bá gba ogún. Ẹ gba ogún, oníbàárà mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Owó wa sùn sórí pẹpẹ yín, ó di irin tí ń retí ẹni tí yóò rà á. Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni gbogbo èyí, ìṣirò kò sì ní ìtìjú. Bí ẹ bá ti là á yé wa bẹ́ẹ̀, à bá gbà. Òtútù lẹ sọ fún wa.

Àwọn tó jù yín lọ ti kó sí pàkúté yìí rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Preston Tucker ní Chicago fẹ́ ṣe ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà kò rí irú rẹ̀ rí, tó ní iná kẹta láàárín iwájú tí ń bá sítíárì yí. Owó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta rédíò, àpótí ẹrù àti aṣọ ìjókòó fún àwọn tó ń retí ọkọ̀ tí kò tíì délẹ̀. Ọkọ̀ 51 ni gbogbo èyí tó jáde. Wọ́n fẹ̀sùn jìbìtì kàn án, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1950 pé kò jẹ̀bi. Ó wẹ̀ yán-án yán-án, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ rẹ̀ ti kú kí ìdájọ́ tó jáde. Èèyàn lè ṣàìjẹ̀bi lójú adájọ́, kí ọjà má sì gbà á mọ́.

Ẹ wá wo àwọn ará ilé yín ní Malvern Link. Iléeṣẹ́ Morgan ti ń fi ọwọ́ ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún, igi ni wọ́n fi ń ṣe egungun abẹ́ ara rẹ̀. Ní 1990, Sir John Harvey-Jones, tó ti ṣe alága iléeṣẹ́ kẹ́míkà ICI rí, lọ bẹ̀ wọ́n wò fún ètò BBC kan tó ń jẹ́ Troubleshooter. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ Morgan á tò sẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ púpọ̀ sí i, kí wọ́n sì pe owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò gbà. Àwọn oníbàárà sì jókòó síbi tí wọ́n wà, wọ́n ń fi nọ́ńbà tí wọ́n wà lórí ìlà ṣe fáàrí. Kí ló dé tí wọn kò bínú? Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ọdún márùn-ún, ọdún márùn-ún ló máa fi yangàn. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ló ti ń ṣépè.

Pípẹ́ kọ́ ló ń ba ọjà yín jẹ́, Ọ̀gá mi. Ọjọ́ tí ẹ ń dá tí ẹ mọ̀ pé kò ní ṣẹ ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiyín, etí ife tíì ló ti bá a. Àwa tí à ń ra irú ọjà yìí kò sì pọ̀. A mọ ara wa, a máa ń pàdé nílé ọtí lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù, ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ owó èèyàn kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó kárí. Bí ẹ bá já ènìyàn mẹ́ta kulẹ̀, ọmọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ òtítọ́ ní abúlé kejì náà á fara gbá a, torí kò sí ẹni tó tún fẹ́ sanwó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ òfin o, ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún yín. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà tí wọ́n ṣe níbí ní 2015 sọ pé bí a kò bá dá ọjọ́, ọjà kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 30 kó tó dé. Bí a bá dá ọjọ́ tó sì yẹ̀, oníbàárà lè dá gbèdéke tuntun tó bójú mu. Bí ìyẹn náà bá tún yẹ̀, ó lè fòpin sí àdéhùn kó sì gba owó rẹ̀. Abala 75 nínú òfin àwìn ti 1974 tún so iléeṣẹ́ tó ni káàdì mọ́ ọn: bí iye ọjà bá ju 100 pọ́ùn lọ tí kò sì ju 30,000 lọ, tí èèyàn fi credit card san án, kódà bó jẹ́ àsansílẹ̀ nìkan ló fi san, iléeṣẹ́ káàdì àti ọlọ́jà ni wọ́n jọ máa dáhùn fún un. Mo rí ojú yín lọ́jọ́ tí mo yọ káàdì. Ẹ ní bó bá jẹ́ pé báǹkì sí báǹkì ni, ẹ máa bá mi yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo fi káàdì san.

Kí ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni mo dojú ọ̀rọ̀ kọ, àwa oníbàárà kì í ṣe áńgẹ́lì. Lára wa ló ń ní kí ẹ ṣe pupa, tó ń pè lọ́sẹ̀ kejì pé àwọ̀ ewé lòun fẹ́, tó tún ń pè nígbà tí àwọ̀ ewé ti gan pé òun rò ó pé pupa yẹn náà kò burú. Lára wa ló ń ní níwọ̀n bí ẹ ti wà nídìí ẹ̀ náà, ẹ bá òun fi ínṣì méjì kún àyè ẹsẹ̀, láìmọ̀ pé ínṣì méjì yẹn ni férémù tuntun. Lára wa ló ń pè lójoojúmọ́, tí ẹ óò ju rólà sílẹ̀ lọ gbé fóònù, tí rẹ́sìn á sì máa gan lọ nínú garawa. Ẹni tó pariwo jù nínú wa pé ṣáàsì pẹ́, bó bá dé tán, á tì í wọ ilé ọkọ̀, á fi tapólì bò ó, á kó kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ lé e. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ máa rí i nínú ìpolówó: iṣẹ́ tí a kò parí, ìyàwó ní kí n tà á.

Síbẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbowó, ọ̀dọ̀ yín ni àtúnṣe ti máa bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó pe ọjọ́ jáde lẹ́nu, ẹ fi ìdajì rẹ̀ lé e. Bí ẹ bá parí kó tó pé, màá gbé ọtí wá. Ẹ ya owó àsansílẹ̀ wa sọ́tọ̀ ní báǹkì, kí ẹ má fi kan ti oúnjẹ àti ti gbèsè. Ẹ gbà á ní ìpín: díẹ̀ nígbà tí mo bá pàṣẹ, díẹ̀ nígbà tí irin mi bá délẹ̀, ìyókù nígbà tí ṣáàsì bá dúró níwájú mi. Ẹ tẹ nọ́ńbà sára irin náà kí ẹ tó ya fọ́tò, kí ará Wales mọ tirẹ̀, kí èmi náà mọ tèmi. Bí iṣẹ́ bá ti kún ọwọ́ yín, ẹ sọ níbi ìpàtẹ pé ẹ kò gba tuntun mọ́. Ẹ máa rí i bí àwọn èèyàn ṣe máa jà sí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ pè mí kí n tó pè yín. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìlà mẹ́ta péré tó: kò tíì ṣe tán, ìdí rèé, ọjọ́ tuntun rèé.

Bí ọjọ́ tuntun náà bá jẹ́ ọdún tó ń bọ̀, ẹ kọ ọdún tó ń bọ̀. N kò ní sá. Iṣẹ́ yín dára, ojú mi rí i, ìdí tí mo fi wá bá yín láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ bá wa ka lẹ́tà yìí, tí ọkàn yín sì ti ń fà sí irú ọkọ̀ yìí, ẹ má torí tèmi padà sẹ́yìn. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wá ẹni tó ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá náà láàárín ọdún kan, ẹ lọ fi ọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọn kò retí yín. Ẹ gba ọjọ́ ní kíkọ sílẹ̀, ẹ sì fi káàdì san. Bí ọ̀gá kan bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín, láìjẹ́ pé ẹ béèrè, pé tiyín máa pẹ́, ẹ fa àga, ẹ jókòó: ẹni tó ṣeé bá dòwò pọ̀ nìyẹn.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.